Ta Ló Da Iṣẹ́ Rú? Ẹjọ́ “Kọnfíúsì” àti Ọ̀rọ̀-Ìṣe Yorùbá

Láti Òpópónà Ọba Akran ní Ìkẹjà títí dé Ọ̀gbà, láti Agídìńgbì àti Orégùn títí wọ inú Agége, ọ̀rọ̀-ìṣe kan ti jẹ gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ run. Ọ̀rọ̀-ìṣe náà ni “kọnfíúsì”. Bí máṣíìnì bá ń ṣe ségesège, wọn a ní ó ti kọnfíúsì. Bí àlàyé ọ̀gá kò bá yé òṣìṣẹ́, wọn a ní ọ̀gá kọnfíúsì rẹ̀. Bí akọ̀wé bá ṣi owó kà, wọn a ní ìṣirò ló kọnfíúsì rẹ̀. Bí ọmọṣẹ́ bá po ọ̀dà méjì tí kò yẹ kó pàdé pọ̀, òun náà ló kọnfíúsì iṣẹ́. Ohun mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ṣẹlẹ̀ yìí. Ẹ̀bi wà nínú òmíràn, kò sí ẹ̀bi rárá nínú òmíràn. Síbẹ̀, orúkọ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń jẹ́.

Àwọn kan wà tí wọ́n ń gbèjà àṣà yìí. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ẹ̀rọ. Wọ́n ní Yorùbá dára fún oríkì, ó dára fún ẹkún ìyàwó, ó sì dára fún àlọ́ alẹ́, ṣùgbọ́n kò ní ọ̀rọ̀ tó mú ṣáṣá tí ènìyàn lè fi ṣàlàyé bí iṣẹ́ ṣe bàjẹ́ tàbí bí ọ̀rọ̀ ṣe rú ènìyàn lójú. Irọ́ gbáà ni. Irọ́ náà sì ń ná òṣìṣẹ́ lówó, ó ń ná an níyì, nígbà mìíràn ó ń ná an ní iṣẹ́ rẹ̀, nítorí pé ẹni tí kò bá lè dárúkọ irú àṣìṣe tí òun ṣe kò ní lè gba ara rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ àṣìṣe tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ó tọ́ kí ìwádìí bẹ̀rẹ̀ láti ilé Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni àwọn olùgbèjà yìí ń sá sí. Nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì ti WAEC, wọn a máa bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ rẹ̀ sún mọ́ ti ọ̀rọ̀ mìíràn jù lọ, tàbí èyí tó ta kò ó jù lọ. Ìdí nìyẹn tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama fi ń há “confuse”, “confound”, “perplex”, “bewilder”, “muddle”, “botch” àti “bungle” sórí bí ẹni ń há orúkọ àwọn odò. Kí ni orírun àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí? “Confuse” àti “confound” wá láti inú ọ̀rọ̀ Látìn kan tó túmọ̀ sí kí ènìyàn da nǹkan pọ̀, bí ẹni da omi kan mọ́ òmíràn. “Perplex” wá láti inú ọ̀rọ̀ Látìn mìíràn tó jẹ mọ́ híhun àti lílọ́ nǹkan mọ́ra. “Bewilder” jẹ́ kí wọ́n mú ènìyàn wọ aginjù títí tí kò fi mọ ọ̀nà àbájáde mọ́. Ẹrẹ̀ ló wà nídìí “muddle”. Ti “botch” tilẹ̀ tún yani lẹ́nu: nígbà tó kọ́kọ́ wọ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ohun tó túmọ̀ sí ni kí ènìyàn lẹ ohun tó ya, kí ó tún un ṣe. Ẹ̀yìn ìyẹn ló di àtúnṣe tí kò dára, tó sì wá di iṣẹ́ bíbàjẹ́.

Níbo ni ẹ̀rọ wà nínú gbogbo èyí? Omi ló wà níbẹ̀, òwú ló wà níbẹ̀, igbó àti ẹrẹ̀ àti aṣọ lílẹ̀ ló wà níbẹ̀. Èwo nínú wọn ni Yorùbá kò ní? Ẹni tó da nǹkan pọ̀, Yorùbá ní ó dà á pọ̀. Ohun tó lọ́ mọ́ra, Yorùbá ní ó lọ́ pọ̀, ó ta kókó. Ẹni tí ọ̀nà sọnù mọ́ lójú, Yorùbá ní ó ṣìnà. Omi tí ẹrẹ̀ gba inú rẹ̀, Yorùbá ní ó rú. Ohun tí wọ́n ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín èdè méjèèjì ni pé àwọn aláwọ̀ funfun kó tiwọn sínú ìwé atúmọ̀-èdè, wọ́n tọ ìtàn ọ̀kọ̀ọ̀kan dé orírun, wọ́n sì ń fi dán àwọn ọmọ wò. Àwọn ọmọ Yorùbá ń gbọ́ tiwọn lójoojúmọ́, kò sì sẹ́ni tó jókòó tì wọ́n kó sọ fún wọn pé ọgbọ́n wà nínú rẹ̀.

Ọgbọ́n ọ̀hún kò kéré. “Ọ̀rọ̀ yìí rú mi lójú.” Ẹni tó bá ti pọnmi lódò rí mọ ohun tí gbólóhùn yìí ń wí. Bí ọmọdé bá kó sódò tó fẹsẹ̀ ru ẹrẹ̀ sókè, omi a rú, ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò sì ní hàn mọ́. Ojú kò fọ́, orí kò dàrú. Omi ni kò mọ́. Ọ̀rọ̀ ni olùwà nínú gbólóhùn náà. Ojú ènìyàn kàn jẹ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti rú ni. Òdìkejì rẹ̀ náà sì wà lójú: “Ó dá mi lójú.” Ẹni tó sọ èkíní kò sọ pé òun jẹ́ òpè. Ohun tó ń wí ni pé ohun tí wọ́n gbé síwájú òun kò hàn kedere. “N kò mọ̀ ọ́n” yàtọ̀ sí èyí, “kò yé mi” sì tún yàtọ̀. Ẹni tí nǹkan rú lójú ń fẹ́ kí wọ́n là á fún òun. Ẹni tí kò mọ̀ ń fẹ́ kí wọ́n kọ́ òun. Ẹni tí kò yé ti gbọ́ àlàyé, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ kí wọ́n gba ọ̀nà mìíràn ṣe é. Àìsàn mẹ́ta ni, oògùn mẹ́ta ni.

Ìdààmú tún jẹ́ nǹkan mìíràn. Ènìyàn lè mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú kí ó sì dààmú, nítorí pé ọ̀gá ń jágbe mọ́ ọn, tàbí nítorí pé ọmọ ń ṣàìsàn nílé. “Ó dà mí láàmú” kò sọ ohunkóhun nípa ìmọ̀, ara àti ọkàn ló ń sọ nípa wọn. Bí ó bá pọ̀ jù, wọn a ní ọkàn onítọ̀hún pòrúurùu. Ohun tó yani lẹ́nu sì tún wà lọ́tọ̀, ẹnu lè ya ènìyàn kí inú rẹ̀ sì dùn. Ẹni tó bá fi “kọnfíúsì” rọ́pò gbogbo ìwọ̀nyí ti kó àìmọ̀, àìhàn, ìnira ọkàn àti ìyanu sínú ìkòkò kan, ó sì ti dé ìdérí lé e.

Olùkọ́ Yorùbá tó bá dé orí gírámà lè fa ọ̀rọ̀ yìí síwájú sí i. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama àgbà mọ ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là, irú èyí tí àbọ̀ máa ń wọ àárín rẹ̀. “Dàrú” àti “bàjẹ́” wà lára wọn. Kí olùkọ́ kọ gbólóhùn mẹ́ta yìí sójú pátákó:

Iṣẹ́ dàrú.
Òjó da iṣẹ́ rú.
Iṣẹ́ dàrú mọ́ Òjó lọ́wọ́.

Nínú èkíní, kò sí ẹni tí wọ́n dárúkọ. Iṣẹ́ ni olùwà. Nínú èkejì, Òjó ló ṣe é, iṣẹ́ sì wà láàárín ọ̀rọ̀-ìṣe bí ohun tí wọ́n há mọ́ àárín ọwọ́ méjì. Ẹ̀kẹta ló ṣe pàtàkì jù. Òjó wà níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni iṣẹ́ wà nígbà tó dàrú, ṣùgbọ́n gbólóhùn náà kò sọ pé òun ló dà á rú. Bí ìyá bá sọ pé àwo fọ́ mọ́ ọmọ òun lọ́wọ́, gbogbo ará ilé mọ̀ pé kò sọ pé ọmọ náà fọ́ àwo. Adájọ́ lè fi odindi ọjọ́ kan wá irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀. Yorùbá fi ọ̀rọ̀ kékeré méjì parí rẹ̀.

“Ṣì” náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ọmọ tó bí. Àṣìgbọ́ kì í ṣe àṣìkà. Àṣìkà kì í ṣe àṣìmú. Àṣìmú kì í ṣe àṣìlò. Kí wọ́n gbé èyí lọ sí ìdí ẹ̀rọ. Ẹni tó ṣi àṣẹ gbọ́, ariwo ẹ̀rọ ló ṣeé ṣe kó fà á. Ẹni tó ṣi nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ kà, bóyá iná kò mọ́lẹ̀ tó, bóyá ojú rẹ̀ ń fẹ́ ìtọ́jú. Ẹni tó ṣi àpò mú, bóyá wọ́n to àpò méjì tó jọra síbi kan náà. Ẹni tó ṣi ẹ̀rọ lò, bóyá wọn kò kọ́ ọ dáadáa. Orúkọ àṣìṣe kọ̀ọ̀kan ń tọ́ka sí ibi tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Kí ni “kọnfíúsì” ń tọ́ka sí? Kò tọ́ka síbì kankan.

Yorùbá kì í sì í dáàbò bo ọ̀lẹ. Èdè tó ní “dàrú mọ́ lọ́wọ́” fún aláìlẹ́bi náà ló ní ọ̀rọ̀ tó ń ta bí ẹgba fún ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́. Ẹni tó gé iṣẹ́ kúrú, tó fi àbọ̀ jíṣẹ́, jákujàku ló ṣe é. Ẹni tí kò tò ó létò, wúruwùru ló ṣe é. Ẹni tó ń sáré láìwo iwájú, wàdùwàdù ló fi ṣe é. Ẹni tó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ra, ó sọ ọ́ di rúdurùdu. Ìró ọ̀rọ̀ wọ̀nyí fúnra rẹ̀ ń sọ ìtumọ̀. Àwọn tó ń fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé ariwo lásán ni yóò ṣe dáadáa tí wọ́n bá wo “bungle” tí wọ́n ń gbé gẹ̀gẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìtàn ọ̀rọ̀ kò rí ìdílé Látìn fún un. Èrò wọn ni pé ó ṣeé ṣe kí ìró ló bí i. Bí ìró bá bí “bungle”, ó di ọ̀rọ̀ ìdánwò. Bí ìró bá bí “wúruwùru”, ó di ọ̀rọ̀ ará oko. Irú ìdájọ́ wo nìyẹn?

Àwọn kan lè rò pé àríyànjiyàn olùkọ́ lásán ni èyí. Kí wọ́n fojú inú wo ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ òòjọ́ ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike. Iṣẹ́ òru ni. Ọ̀gá rẹ̀ kígbe ìwọ̀n ooru tí yóò yí ẹ̀rọ sí, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ń bú ramúramù. Ọmọ náà yí i sí ibi tí ó rò pé ó gbọ́. Ike jóná. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀sùn, èyí tí wọ́n ń pè ní kúwéèrì, wọ́n ní kí ó fèsì ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó kọ ọ́ pé: “I was confused and I spoiled the work.” Ọ̀rọ̀ mẹ́jọ péré, ó ti dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Ó ti gbà pé orí òun ni kò pé, ó sì ti gbà pé òun fọwọ́ ara òun ba iṣẹ́ jẹ́. Kò sí ariwo nínú èsì rẹ̀, kò sí ọ̀gá níbẹ̀.

Ká ní wọ́n gbà á láyè láti fi èdè rẹ̀ sọ ọ́ ni, ohun tí ì bá sọ nìyí: “Ọ̀gá, ẹ má bínú. Mo ṣi ọ̀rọ̀ yín gbọ́ nítorí ariwo ẹ̀rọ. Nígbà tó rú mi lójú, mo wá yín láti tún bi yín léèrè, n kò rí yín. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.” Ọmọ yìí kò purọ́, kò sì rí ọ̀gá fín. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ ọ yóò mọ̀ pé ìbéèrè mìíràn wà nílẹ̀: kí ló dé tí wọ́n ń kígbe àṣẹ níbi tí etí kò ti lè gbọ́, kí ló sì dé tí kò sí alábòójútó nítòsí? Òfin Ilé-Iṣẹ́ ti Nàìjíríà pàápàá sọ pé wọn kò gbọdọ̀ fi ènìyàn sídìí ẹ̀rọ tó lè ṣe é léṣe láìjẹ́ pé wọ́n ti là á yé e ní kíkún irú ewu tó wà níbẹ̀ àti bí yóò ṣe yẹra fún un, kí ó sì ti gba ẹ̀kọ́ tó tó tàbí kí ó wà lábẹ́ àbójútó tó péye. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ là á yé e ní kíkún ní èdè tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ní nínú rẹ̀ fún oríṣi àìyé mẹ́wàá? Àgbà tó gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ni. Kúwéèrì tí òṣìṣẹ́ kò ní ọ̀rọ̀ láti fi fèsì rẹ̀, ẹjọ́ ẹnìkan ni.

Ìtàn àgbègbè yìí gan-an ló mú kí ọ̀rọ̀ náà dunni. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ló dá ọgbà ilé-iṣẹ́ Ìkẹjà sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1950, nígbà tí Ìkẹjà ṣì wà lábẹ́ rẹ̀, kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967. Ìjọba kan náà ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Ṣẹẹrẹ 1955. Nígbà tí Guinness ṣí ilé ọtí rẹ̀ ní Ìkẹjà ní 1962, àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti ń dàgbà bọ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé-iṣẹ́ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà nílẹ̀ yìí. Kódà, ní Òpópónà Ọba Akran ni ilé-iṣẹ́ ìwé Learn Africa wà, èyí tí wọ́n ń pè ní Longman Nigeria tẹ́lẹ̀. Orúkọ Longman ló sì wà lára ìwé Aláwìíyé tí J. F. Ọdúnjọ kọ, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá fi kọ́ ìwé kíkà. Ìwé tó ń kọ́ ọmọ ní Yorùbá àti ìkìlọ̀ ara ògiri tí kò bá ọmọ náà sọ Yorùbá wà ní òpópónà kan náà. Ta ló pín àwọn ọmọ ìyá yìí níyà?

Àwọn olùgbèjà ní èsì. Wọ́n ní gbogbo èdè ló ń yá ọ̀rọ̀. Òótọ́ ni. Agége ló fi orúkọ rẹ̀ fún búrẹ́dì, ọ̀rọ̀ àyálò sì ni búrẹ́dì. Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà, wà lára àwọn tó sọ ọ́ di òwò ńlá ní Èkó. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n wá orúkọ mìíràn fún búrẹ́dì, tàbí fún máṣíìnì, tàbí fún fíítà. Ohun tuntun dé, orúkọ rẹ̀ bá a dé. Ṣùgbọ́n ìdàrúdàpọ̀ kò bá ọkọ̀ ojú omi dé Èkó. Kí ọkọ̀ ojú irin tó kọjá ní Agége ni ọ̀rọ̀ ti ń rú ènìyàn lójú nílẹ̀ Yorùbá.

Wọ́n tún ní ilé-iṣẹ́ kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Òótọ́ ni èyí náà. Àwọn oníṣòwò obì láti ilẹ̀ Haúsá ti pẹ́ ní Agége. Ìgbò wà níbẹ̀, Ègùn wà níbẹ̀, àwọn ará òkè òkun náà sì wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ìkìlọ̀ wà ní Yorùbá, ní Haúsá, ní Ìgbò àti ní píjìn pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì. Pé ilé kún fún ọ̀pọ̀ ẹ̀yà kò sọ ọ́ di dandan kí gbogbo wọn jọ máa sọ èdè tí ẹnì kankan nínú wọn kò fi ṣàlàyé ara rẹ̀ dáadáa.

Èsì kẹta ló ṣòro jù, nítorí ẹnu ìjọba ló ti jáde. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin ní 2018 pé kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́, ti ìjọba àti ti aládàáni, máa kọ́ ọmọ ní Yorùbá. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Bélú 2025, ìjọba kan náà fagi lé ìlànà ọ̀hún, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ sì di ẹ̀bi ìfìdírẹmi nínú ìdánwò ru èdè abínibí. Bí ẹ̀sùn náà bá kan ìlànà 2022, ọmọ tó wọ kíláàsì kìn-ín-ní lábẹ́ rẹ̀ kò tíì jáde alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n dá ẹjọ́ rẹ̀. Bí ó bá kan àwọn ọdún tó ṣáájú, ó yẹ kí wọ́n sọ ẹni tó da iṣẹ́ rú: ṣé èdè ni, àbí àìsí ìwé, àbí olùkọ́ tí wọn kò kọ́ ní bí yóò ṣe fi èdè náà kọ́ni? Láti 1970 ni Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé wà fún wọn, olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ sì wà. Ìjọba tó bá sọ pé èdè ló fa ìfìdírẹmi, láì ya àìsí ìwé sọ́tọ̀ kúrò lára àìsí olùkọ́, ti ṣe ohun tí ọ̀gá òru ike jíjóná ṣe: ó ti gbé kúwéèrì fún ẹni tí kò jẹ̀bi.

Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ olùkọ́ kò dúró de ìlànà kankan. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ́ “bewilder” àti “botch” ní kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n kọ́ “rú lójú”, “dà láàmú”, “ṣì gbọ́” àti “bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́” ní kíláàsì Yorùbá, kí wọ́n sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ ẹni tó jẹ̀bi nínú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n fún un ní ìtàn iṣẹ́ kan tó bàjẹ́, kí ó kọ èsì òṣìṣẹ́ ní Yorùbá, lẹ́yìn náà kí ó wá Gẹ̀ẹ́sì tó péye fún un láìsọ ẹ̀tọ́ kankan nù lójú ọ̀nà. Gẹ̀ẹ́sì akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ yóò dára sí i, nítorí yóò ti mọ ohun tó fẹ́ sọ kí ó tó wá ọ̀rọ̀ fún un.

Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tó jókòó sí kíláàsì ní Ìkẹjà àti Agége lónìí ni yóò wọ ẹnu ọ̀nà àwọn ilé-iṣẹ́ yẹn lọ́la, gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ tàbí gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá. Ẹni tí yóò di òṣìṣẹ́ nílò ọ̀rọ̀ tí yóò fi wí tẹnu rẹ̀. Ẹni tí yóò di ọ̀gá nílò etí tí yóò fi mọ̀ pé “ó rú mi lójú” kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ìbéèrè ni. Ẹni tó sì béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá kí ó tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ ti gba iṣẹ́ là, ó sì lè ti gba ọwọ́ ara rẹ̀ là pẹ̀lú.